Sísanra Tí Ẹ Yọ̀ Sí

Ọlá, àbúrò mi, gbé fóònù yẹn sún mọ́ etí Màmá dáadáa.

Ẹ kú ilé o, Màmá. Èmi Yínúsà ni. Ọlá ní ẹ ń jó nígbà tí ẹ rí fọ́tò tí mo yà ní Jahi, níbi tí a ti ń kan òrùlé. Ẹ ní Àbújá bá mi lára mu, pé mo ti sanra. Ẹ̀rín pa mí. Omi ni o, Màmá. Dókítà ní ọkàn mi ò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri mọ́, ni omi bá ń dúró sí mi lẹ́sẹ̀ àti lójú. Ẹ má mikàn. Wọ́n ń tọ́jú mi ní ọsibítù yìí. Àràárọ̀ ni mò ń gun ìwọ̀n. Tí mo bá ti fúyẹ́ sí i, Nọ́ọ̀sì Hadassah á pàtẹ́wọ́.

Dòdò Ìkirè tí ẹ fi ránṣẹ́ dé. Wọ́n ti ka iyọ̀ léèwọ̀ fún mi, nítorí náà àwọn ẹbí ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ló bá mi jẹ ẹ́. Wọ́n mà pọ̀ o! Tí wọ́n bá ń gbàdúrà fún un, èmi náà á máa ṣe àmín.

Ẹ má wá o. Ọ̀nà jìn, orúnkún yín ò sì gbà á.

Ẹ bá mi kí Àǹtí Mùnírátù. Hadassah náà kí yín. Ó bi mí pé ta ni yóò dúró tì mí, mo ní ẹ ti wà lọ́nà. Ó ti gbé àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi dè yín.