Kíjìpá tó Wà Lọ́rùn Irin

Bàbá mi tí mò ń ṣàárò,

Gírísì ṣì wà lábẹ́ èékánná mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Iṣẹ́ yín ni mò ń ṣe ní yáàdì rélùwéè l'Ébútè Mẹ́ta. Mò ń ya irin sọ́tọ̀: èyí tó dára, èyí tó ń fẹ́ àtúnṣe, èyí tó ti di àlòpatì, kí wọ́n tó kó wọn sínú wágọ́ọ̀nù lọ sókè Ọya. Bí ẹ ti kọ́ mi, mo máa ń fi gírísì pa ọrùn ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ ọkọ̀ pọ̀, mo máa wá fi àkísà wé e, mo máa fi okùn so ó, kó má bàa dípẹtà lọ́nà. Àkísà ilé oníkálukú là ń kó wá. Màámi a máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé irin yín ń múra ju àwọn lọ.

Lánàá, wọ́n dá ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan tòun tọ̀pá rẹ̀ padà láti òkè Ọya, wọn ò lò ó rárá. Mo dá bí ẹ ṣe máa ń so okùn mọ̀, inú mi dùn. Mo tú u. Yéè! Bàbá, kíjìpá Màámi ni! Èyí tí wọ́n jogún lọ́wọ́ ìyá wọn l'Ógbómọ̀ṣọ́, tó ní òwú pupa létí. Mo jókòó sórí irin.

Ẹ rántí ìjà kíjìpá yẹn. Màámi ní Ìyá Sáríyù, ìyàwó yín kékeré, ló jí i. Ìyá Sáríyù búra títí, wọ́n sunkún títí, wọ́n bá kó ẹrù wọn lọ sí Òtò. Lọ́jọ́ tí a sin yín, ìta ni wọ́n dúró sí.

Ṣé ẹ mọ̀ pé òun lẹ fi wé irin ni? Àbí ẹ kàn fà á mọ́ àkísà? Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣi irin yà!

Mo gbé e wálé sí Mushin. Màámi fọ̀ ọ́, fọ̀ ọ́, gírísì ò lọ. Láàárọ̀ yìí a jọ gbé e lọ sí Òtò. Bàbá, Màámi kúnlẹ̀! Ìyáálé kúnlẹ̀ fún ìyàwó, lójú gbogbo ará ilé! Ìyá Sáríyù sáré fà wọ́n dìde, àwọn méjèèjì bú sẹ́kún.

Nígbà tó yá, Ìyá Sáríyù bi mí bóyá ẹ mọ̀. Mo ní ẹ ò mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá mi, ẹ má sọ mí di òpùrọ́.

Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí àlùjáńnà.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín síbẹ̀.