Kọ́kọ́rọ́ Ẹran Inú Agolo

Ìdànrè,
Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Máàṣì, 1956.

Túnráyọ̀ ọmọ mi,

Wọ́n ti gba àgbélébùú lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn ìsìn Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, Matthias katikíìsì dìde níwájú gbogbo ìjọ, ó ní Dúrótoyè ni yóò gbé e lọ́dún yìí ní Ọjọ́ Ẹtì tí a ń ṣe ìrántí ikú Olúwa. Mo mọ̀ pé ìkíni ló yẹ kó ṣáájú, má bínú. Báwo ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí àìsàn tí o ń tọ́jú mọ ilé rẹ. Ìyá rẹ ń kí ọ, a ti ṣán oko kòkó tán, ẹsẹ̀ tó ń dùn mí sì ti fúyẹ́. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gbé àgbélébùú yẹn. Ìwọ náà mọ òfin rẹ̀: ẹni tí yóò gbé e kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan ẹran láti Ọjọ́rú Eléérú títí di Àjíǹde. Ọjọ́ méjìlélógún gbáko ni mo fi ẹ̀fọ́ lásán jẹ iyán. Níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ Bernadette àbúrò rẹ, wọ́n gbé itan ẹtù tí epo ń kán lára rẹ̀ síwájú mi, mo yíjú sí ògiri, mo ń ka Baba Wa títí wọ́n fi gbé e kúrò. Kò sẹ́ni tó kí mi kú ìfaradà.

Agolo tí o fi rán Búrẹ́mọ̀ awakọ̀ dé ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ọjọ́ kẹtàlélógún ààwẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Kò ní egungun, kò ní awọ, kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń ṣí i ni ó ní lára bí àpótí aṣọ. Túnráyọ̀, ẹran wo ni Ọlọ́run dá mọ́ kọ́kọ́rọ́? Mo sì rò ó pé bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ màlúù, ìlú òyìnbó ni ó kú sí, ọkọ̀ ojú omi sì ti ń gbé e bọ̀ fún oṣù mélòó kan, nítorí náà ó ti kú kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹran ààwẹ̀ ni mo jẹ́jẹ̀ẹ́ pé n kò ní jẹ. N kò jẹ́jẹ̀ẹ́ kankan nípa ẹran èṣí. Mo bá ṣí i, mo fi jẹ iyán.

Ni Dúrótoyè bá wá yá ayùn. Ó rí agolo náà nídìí ààrò, ó sì gbé e lọ bá Matthias. Ó gbé agolo mi lọ, kò tọrọ rẹ̀! Matthias ní àwòrán màlúù wà lára rẹ̀. Mo ní àwòrán ẹyẹ wà lára ìṣáná tí òun fi ń tan àbẹ́là nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé ẹyẹ ni òun ń sun fún Ọlọ́run? Ó ní kí n lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Matthias yìí, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ẹmu kò dá lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tí ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀! Ṣé ẹran nìkan ni Èṣù fi ń dán ènìyàn wò ni?

Ìyá rẹ tó yẹ kó gbè mí ní, Baba Túnráyọ̀, bí kì í bá ṣe ẹran, kí ló dé tí ẹ fi tilẹ̀kùn jẹ ẹ́? Mo ní eruku ni. Ó ní eruku wo, nígbà tí òjò ń rọ̀? N kò tíì bá a sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ mọ́ láti ìgbà náà.

Ohun tí mo fẹ́ ni kí o lọ sí ilé ìtajà tí o ti ra agolo náà, kí o bi òyìnbó ibẹ̀ ní ọjọ́ tí màlúù yẹn kú gan-an, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì lu òǹtẹ̀ sí i. Fi ṣílè mẹ́jọ kún un fún aránṣọ, nítorí ó ti rán aṣọ funfun tí n óò fi gbé àgbélébùú, kò sì lè bá Dúrótoyè mu, ó sanra jù. Bí o bá tún fẹ́ fi agolo ránṣẹ́ kí Àjíǹde tó dé, fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ ní Èkó. Mo mọ ara mi.

Kí Olúwa, tí ebi pa ní aginjù tí kò sì sọ òkúta di àkàrà, fún ọ lágbára láti kọ ohun tí kò yẹ, àní bí ó bá ń ta sánsán. Ìdánwò tó ju agbára rẹ lọ kò ní mọ̀ ọ́ lójú. Àmín.

Èmi ni baba rẹ,
Benedict Olútìmẹ́hìn.

Mo ti kọ̀wé sí Fadá ní Oǹdó. Búrẹ́mọ̀ tó mú un lọ ní Fadá kà á tán, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan ju pé òun ń bọ̀ ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ. Bóyá èmi ni ó fi ń rẹ́rìn-ín ni o, bóyá Matthias ni o, a kò tíì mọ̀.