Alárinà Méjì Nínú Kọ̀ǹpútà Kan

Àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé o sì ń jẹun kí o tó jáde nílé? Ibi tí o bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀, kí ilẹ̀ ibẹ̀ gbà ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀. Èmi náà wà. Orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí, kì í ṣe ìròyìn mọ́. Àbúrò rẹ ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́, kó má fi ọgbọ́n ilé ìwé tún un ṣe.

Wàláà ìyàwòrán tí o fi ránṣẹ́ sí i ti ń ṣiṣẹ́. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí àyà rẹ má baà já, nítorí ohun tí ojú wa rí kó tó ṣiṣẹ́ kì í ṣe kékeré.

O mọ̀ pé òjò wọ inú àpótí lọ́dún tó kọjá, tí fọ́tò ìyá yín kan ṣoṣo tí a ní sì di funfun. Ẹkún kì í tún òrùlé ṣe; òrùlé ni mo tún ṣe. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí mo jí láàárọ̀, mo fẹ́ rántí ojú rẹ̀, imú nìkan ló wá. Ẹ̀rù bà mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí àbúrò rẹ jókòó sídìí wàláà kó yà á, kí n máa sọ bó ṣe rí fún un, kí ìyókù tó lọ.

Ó fi bírò tó bá wàláà wá kàn án níbí, ilà jáde lórí kọ̀ǹpútà tí a so ó mọ́ lọ́hùn-ún. Ó ya ẹnu, ẹnu bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ etí. Bó tẹ̀ ẹ́ líle, bó rọra tẹ̀ ẹ́, ilà tín-ín-rín kan náà ni. Mo yẹ bírò náà wò, mo rí i pé kò ní yíńkì, mo ní ìyẹn ló fà á. Ó ní kì í lo yíńkì. Mo ní ó dáa, a jẹ́ pé agbára ló tán nínú rẹ̀. Nígbà tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀, mo sá bírò náà sóòrùn lórí ògiri, bí mo ṣe máa ń sá bátìrì rédíò mi. Adìẹ gbé e. Mo sáré lé e, pẹ̀lú orúnkún yìí, mo sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí àbúrò rẹ dé, ó ní kò sí bátìrì kankan nínú bírò náà, wàláà ló ń fún un lágbára. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú. Ó ní òun ò mọ̀ pé mo máa sá a.

La bá kó gbogbo rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́yìn ilé epo. Ó ní wàláà kọ̀ọ̀kan ló ní alárinà tirẹ̀ tó ń gbé inú kọ̀ǹpútà, òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ bírò lọ fún ètò ìyàwòrán. Ayàwòrán tó ta kọ̀ǹpútà fún wa ti ní wàláà tirẹ̀ rí. Ó kó wàláà lọ, ó fi alárinà sílẹ̀. Alárinà tiwa dé, ó bá a níbẹ̀, àwọn méjèèjì wá ń jẹ́ iṣẹ́ bírò kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ yìí yé mi ju bó ṣe yé àbúrò rẹ lọ. A kì í rán alárinà méjì sí ìyàwó kan. Nígbà tí mò ń fẹ́ ìyá yín, ẹni méjì ló ń bá mi ṣe alárinà. Ọ̀kan ní mo jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́, èkejì ní mo le bí òkúta. Ìyá yín ní kí àwọn méjèèjì máa lọ ilé wọn, kí èmi fúnra mi wá. Mo wá sọ fún ọkùnrin náà pé kó lé alárinà àtijọ́ jáde, ṣùgbọ́n kó bá a sọ̀rọ̀ dáadáa, torí bóyá kò mọ̀ pé ọ̀gá òun ti kó lọ. Ó wò mí títí. Ó yọ méjèèjì, ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn, ó fi alárinà wàláà wa tó bá ọjọ́ orí kọ̀ǹpútà mu sí i. Ó tún ní kí àbúrò rẹ tẹ ibì kan nínú ètò ìyàwòrán, kí bírò lè máa mọ bí ọwọ́ ṣe wúwo tó. Ó wá ní kí n dán an wò.

Èmi tí mi ò lè kọ orúkọ ara mi. Mo tẹ̀ ẹ́, ilà nípọn bí okùn ewúrẹ́. Mo rọra tẹ̀ ẹ́, ó di irun orí. Ibi tí mo sì fọwọ́ kàn gan-an ló jáde sí. Mo pariwo débi pé àwọn tó ń ra epo wá yọjú.

A ti yà á báyìí. Mo jókòó tì í, mò ń sọ pé ìpéǹpéjú ò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kún jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó máa ń sún ẹnu jọ bí ẹni tó fẹ́ bú mi. Àbúrò rẹ á pa á rẹ́, á tún un yà. Nígbà tó kan ẹnu yẹn, ọwọ́ rẹ̀ dúró, ó ní Bàbá, ìyá wa rèé. Mo ní kó má kọ ìyẹn sínú ìwé. Ó ti kọ ọ́.

Ó ti fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí fóònù rẹ. Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, ká lè tẹ̀ ẹ́ sórí pépà tó nípọn, ká fi gíláàsì bò ó. Fi owó ṣóńṣó bírò tuntun kún un, torí èyí tó wà lórí rẹ̀ ti jẹ. Àbúrò rẹ ní èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ jẹ. Ọwọ́ mi ò mọ ọ̀nà mìíràn.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní dojú tì ọ́, o ò sì ní wá ẹni rẹ tì. Wo ojú òsì àwòrán náà dáadáa, ibẹ̀ ni kò dá mi lójú. Bí o bá rí i pé kò jọ ti ìyá yín, má sọ fún mi. Èyí tó wà níbẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí láràárọ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.