Àgbà Tí N Kò Kúnlẹ̀ Kí

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú òjò Akanran. Mo kúnlẹ̀ kí ẹ̀yin àti Bàbá, mo kí àbúrò mi náà. Ọkọ mi ní kí n bá òun kí yín. Ara wa le, alihamudulilahi. Òtútù Ròmáníà níbí kàn ń jẹ eegun ni.

Ibi tí wọ́n ti ń di èso ápù sínú páálí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. À ń ṣa èyí tó jẹrà kúrò. Màmá àgbà kan, Flòríkà, ló kọ́ mi níṣẹ́. Lọ́jọ́ tí òtútù kọ́kọ́ mú mi, wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́ ọwọ́ wọn fún mi.

Ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní Róòmà ni wọ́n. Ọkọ mi, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn fún mi. Màmá ní ẹrú làwọn baba ńlá àwọn nílẹ̀ yìí, pé wọ́n ń tà wọ́n bí ẹran. Nígbà tí wọ́n dá wọn sílẹ̀, kò sẹ́ni tó fún wọn nílẹ̀ tí wọ́n máa fi dáko. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ìjọba kó bàbá àgbà Màmá lọ, bàbá náà ò padà wálé. Títí dòní, ẹ̀gbẹ́ ààtàn ìlú ni wọ́n ń gbé, kò sómi ẹ̀rọ. Mo ní ṣé wọn ò lè kó lọ síbòmíì ni. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ibòmíì náà mọ àwọn.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ìyàwó kì í nàró kí àgbà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbàgbé ibi tí mo wà, mo kúnlẹ̀ kí Màmá lójú gbogbo èèyàn, Màmá sì fọwọ́ gbé mi dìde. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù fi mí ṣẹ̀sín! Ọ̀gá wa obìnrin ní irú àwọn yẹn ló ń kúnlẹ̀, a kì í kúnlẹ̀ fún wọn. Ó ní ṣé èmi náà fẹ́ lọ máa gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn ni. Ó ní tóun bá tún rí i, òun á lé mi, ìwé ìgbélùú mi á sì bá a lọ. Ìwé yẹn sì ni gbogbo ìrètí èmi àti ọkọ mi.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti na ọwọ́ tí wọ́n máa fi gbé mi dìde. Mo gbójú kúrò, mo kọjá lára wọn bí ẹni kọjá lára ògiri. Ọ̀gá pàtẹ́wọ́ fún mi.

Nígbà tó di Jímọ̀, ọ̀gá lé Màmá. Ó ní mo ti mọ iṣẹ́ náà tó. Àyè wọn ni mo dúró sí báyìí. Ìbọ̀wọ́ wọn ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ọkọ mi ní tí ìwé wa bá ti jáde, a ó wá Màmá lọ. Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n Ìyá mi, tí àbúrò mi bá kúnlẹ̀ kí yín láàárọ̀, ẹ má tètè gbé e dìde. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ fún mi.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé, tàgbà tèwe.

Èmi ni Ràmọ́tà, ọmọ yín.