Àwòrán Tí Kòfó Yà Mí

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Òpópónà Adéríbigbé,
Pápá Àjàó, Múṣin,
Èkó.
9 Oṣù Kẹta, 1991.

Lydia, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Pe àwọn ọmọ jọ, kí ẹni tó ń ka ìwé yìí fún ẹ gbóhùn sókè. Ẹ dákẹ́ ariwo, ẹ gbọ́ mi. Ẹsẹ̀ tó ń dùn ẹ́ ńkọ́, ṣé o ti ń fi tẹlẹ̀? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ara gbogbo wa le níbí. Kòfó, ọmọ Gbádé ọmọ mi, ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fo ọ̀rọ̀ kankan, kódà èyí tó bá kan òun alára.

Ó ti lo ọdún mẹ́ta nídìí iṣẹ́ àwòrán yíyà lọ́dọ̀ Ọ̀gá Àmúsà. Ó ku kó ya èèyàn tó wọṣọ, kí èèyàn jọ èèyàn, kí aṣọ jọ aṣọ, kó tó gba fírídọ̀ọ̀mù. Ó ní kí n jókòó fóun. Mo bá gbé sányán ìyá wa jáde nínú àpótí, mo jókòó gbọnin lórí àga bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò, mi ò mira.

Kòfó ya gbogbo ohun tó rí. Gbogbo ojú ibi tí mo ti ká aṣọ nínú àpótí ló fà gbọọrọ, lóòró, níbùú. Ọ̀gá wò ó títí.

"Kòfó, ṣé fèrèsé lo wé mọ́ Màmá lára ni?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ní òun rí aṣọ, òun ò rí itan, òun ò rí orúnkún. Kó lọ tún un yà, ó fún un ní ọ̀sẹ̀ kan péré. Gbádé gbọ́, ó ní bí èyí náà ò bá dáa, òun á mú un kúrò níbẹ̀, á lọ kọ́ aṣọ rírán. Kòfó kàn ń fọ búrọ́ọ̀ṣì tó ti mọ́.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, mo jókòó sẹ́yìnkùlé, mò ń ṣa ẹ̀wà. Àdìrẹ mi tó ti gbó ni mo ró. Kòfó yọ sí mi.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dìde o."

"Nínú àkísà yìí? Kí gbogbo Pápá Àjàó wá máa wò mí?"

"Ẹ wo bí aṣọ ṣe wọ àárín ẹsẹ̀ yín, tó tún gun orúnkún."

Inú mi ò dùn sí i. Ṣùgbọ́n mo wolẹ̀, mo rí ohun tó ń wí. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣa ẹ̀wà kan náà. Orúnkún ló kọ́kọ́ yà, ìhòòhò báyìí, díẹ̀ ló kù kí n gbájú ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi ọ̀dà aró bò ó díẹ̀díẹ̀. Imú mi tóbi jù níbẹ̀. Ó ní bó ṣe rí nìyẹn.

Dúró ná. Ọ̀gá Àmúsà ló wọlé yìí, òní ló ní òun máa wá wò ó. Ó kí mi, àmọ́ àwòrán ló ń wò. Kòfó ò gbójú sókè, ìwé ló ń kọ. Ọ̀gá sún mọ́ àwòrán. Ó fi àtàǹpàkò wọn itan dé orúnkún. Lydia, láti ọdún mẹ́ta, orúkọ Ọ̀gá ló ń wà lábẹ́ gbogbo ohun tí ọmọ yìí bá yà. Ó ní:

"Ju bírò yẹn sílẹ̀. Mú búrọ́ọ̀ṣì, kọ orúkọ ẹ sí i."

Kòfó ti ń dìde, kò sẹ́ni tó máa bá mi kọ ìyókù. Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n ẹ,
Àrínọlá