Ọwọ́ Tí Mo Fi Júwe Ilé Bàbá Wa

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Màmá Adéwálé, ẹ kú ilé o. Mo dọ̀bálẹ̀ níbi tí mo wà yìí, bí ẹ kò tilẹ̀ rí mi. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí ó jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá èmi àti ẹ̀yin, tí ó sì fún mi ní agbára láti di kálàmù mú láìgbọ̀n, ní ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa ti lọ sinmi. Ẹ bá mi kí Adéwálé ọmọ yín àti ìyàwó rẹ̀. Ẹ bá mi kí àwọn ẹbí wa ní Odògbolú, àti àwọn ará Ìbẹ̀fun níbi tí ìyá wa ti wá.

Ẹ má ṣe bínú pé inú ìwé ìròyìn ìjọ ni ẹ ti bá ọ̀rọ̀ mi pàdé. Ẹ kì í gbé fóònù mi mọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ tí mo fi ohùn sọ ránṣẹ́, Adéwálé ní ẹ kò jẹ́ kí òun ṣí wọn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìwé ìròyìn ìjọ kì í fo yín dá, àti pé láti ojú ìwé àkọ́kọ́ títí dé ìkéde ìgbéyàwó ni ẹ máa ń ní kí wọ́n kà á sí yín létí. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ olóòtú pé kí ó fún mi ní àyè díẹ̀. Kí àwọn òǹkàwé yòókù fara dà á fún mi. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni, ṣùgbọ́n mi ò rò pé ilé kan wà tí irú rẹ̀ kò lè dé láyé ìsinsìnyí.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí báyìí. Ẹ rẹ́rìn-ín bí ẹ bá fẹ́. Èmi tí mo fi gbogbo agbára mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, tí mo fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé-ìwé, èmi náà ni mo ń gbé báàgì kọ́ èjìká lọ sí ilé ìkàwé ìlú òtútù yìí ní Kánádà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwa àgbàlagbà bí a ṣe ń lo fóònù àti kọ̀ǹpútà. Ọmọdébìnrin ni olùkọ́ wa. Ó ń pe orúkọ mi ṣákálá bí ẹni pé a jọ ṣe ẹgbẹ́ ni, mo sì ti dárí jì í. Òun ni ó ní kí olúkúlùkù wa kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀ nípa ohun rere àti ohun búburú tí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ti mú wọ inú ìgbé ayé wa. Mo kọ tèmi ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì yìn mí. Ṣùgbọ́n èyí tí mo kọ fún un kò dé ọkàn mi. Èyí tí mo ń kọ sí yín yìí ni mo ní lọ́kàn gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti rere, nítorí wọn kò fi àìmoore tọ́ wa. Nígbà tí wọ́n sin Sámúẹ́lì ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe ní Odògbolú, inú ilé ìdáná ni mo jókòó sí níbí, yìnyín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ojú fèrèsé, mo sì rí pósí rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bá wọn kọ orin. Ohùn wọn kì í tètè dé ọ̀dọ̀ mi, nítorí náà nígbà tí wọ́n parí, èmi ṣì wà lórí ẹsẹ tí ó kẹ́yìn, èmi nìkan. Bùnmi ọmọ mi sọ̀kalẹ̀ wá, ó bi mí pé ta ni mo ń kọrin fún. Mo ní Sámúẹ́lì ni. Ó fọwọ́ kan èjìká mi, ó sì gòkè padà, nítorí nọ́ọ̀sì ni, ó ń múra iṣẹ́. Bákan náà, nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú yín, orí fóònù yìí ni ìrànlọ́wọ́ wa gbà dé ọ̀dọ̀ dókítà. Láyé àtijọ́, à bá máa wá ẹni tí ń bọ̀ wálé kiri ni. Fún gbogbo èyí, mo dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó gbé Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí ẹ̀yin wà, wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi, òun kan náà ni ó sún òkè àjà jìnnà sí ìsàlẹ̀. Tábìlì kan náà ni a ń yí ká jẹun, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ni ó tẹjú mọ́ gíláàsì tirẹ̀. Ọmọ-ọmọ mi wà nínú yàrá lókè lọ́jọ́ kan, ó kọ̀wé sí mi lórí fóònù pé ṣé oúnjẹ ti jinná. Mo fi ẹnu dá a lóhùn láti ìsàlẹ̀, bí a ṣe ń dáhùn nílé wa. Ìyá rẹ̀ rọra ṣàlàyé fún mi pé àwọn aládùúgbò kò fẹ́ ariwo. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ̀wé sókè. Ọjọ́ mìíràn wà tí ilẹ̀ yóò mọ́ tí yóò sì ṣú tí ìka mi yóò ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ tí ẹnu mi kò sọ nǹkan kan.

Ẹ̀yin ni ẹ ń já mi gbà tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ìpè yín ojoojúmọ́. Bí mo bá jí níbí, ọ̀sán ti pọ́n lọ́dọ̀ yín; ẹ ó ti jẹun tán, ẹ ó sì ti gbé àga sí ẹnu ọ̀nà. Bí fóònù bá dún, ẹ kì í kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà. Ẹ ó pe Àjàní, ẹ ó fà á gùn títí yóò fi wọ̀ mí lára. Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí ẹlòmíràn tí ń pè mí ní Àjàní lórí ilẹ̀ ayé mọ́. Dádì ni mí nínú ilé yìí, Místà ni mí ní ilé ìwòsàn. Ìyá wa kú kí n tó lè wọ ṣòkòtò fúnra mi, ẹ̀yìn yín ni mo sì gbé dàgbà. Bí ẹ bá pe Àjàní, mo máa ń rántí pé ẹnì kan pọ̀n mí rí.

Nígbà tí ọjọ́ ìrántí ikú bàbá wa pé, mo wọ agbádá, mo dé fìlà. Fọ́tò ilé bàbá wa, èyí tí ẹ fi férémù sí fún mi nígbà tí mo ń bọ̀, wà lára ògiri pálọ̀ níbí. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo fi ọwọ́ òsì gbé fóònù, mo fi ọwọ́ ọ̀tún júwe ilé náà, mo rẹ́rìn-ín, mo ya ara mi. Mo fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí wọ́ọ̀sáàpù pẹ̀lú àdúrà. Gbogbo wọn ṣe àmín. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ kò fọhùn. Ní ọjọ́ kejì, fóònù kò dún.

Nígbà tí mo bi Adéwálé, ó kọ́kọ́ ń yí ọ̀rọ̀ po. Lẹ́yìn náà ó ní ẹ ní kí òun bi mí léèrè ìgbà tí mo kọ ilé bàbá wa sílẹ̀. Ẹ ní àwọn àgbà wí pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, èmi sì dé ìlú òyìnbó, mo fi òsì júwe rẹ̀ lójú gbogbo ẹbí, mo tún ń fi eyín ṣẹ̀rín. Mo búra pé ọwọ́ ọ̀tún ni. Ó rọra fi àwòrán náà ránṣẹ́ padà sí mi. Mo wò ó: ọwọ́ òsì ni, gedegbe. Mo rò pé ọjọ́ ogbó ti dé orí mi. Mo lọ dúró níwájú dígí, mo ń na apá kan lẹ́yìn èkejì bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Inú kíláàsì ni ojú mi ti là. Olùkọ́ ní kí a ya ara wa, mo sì rí i pé àwọn lẹ́tà tí wọ́n kọ sí àyà súwẹ́tà mi yí padà sẹ́yìn nínú àwòrán. Ó ṣàlàyé pé bí ènìyàn bá fi ojú iwájú fóònù ya ara rẹ̀, irú fóònù mi máa ń tọ́jú àwòrán náà bí dígí ṣe ń fi ènìyàn hàn: ọ̀tún á di òsì. Ẹ̀gbọ́n mi, ó kù díẹ̀ kí n jó. N kò dúró kí kíláàsì parí tí mo fi jáde pe Adéwálé pé kí ó ṣàlàyé fún yín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Kò tán. Adéwálé ní ẹ gbọ́ ọ dé òpin, ẹ sì ní ó dára, ẹ̀rọ ni ó yí ọwọ́ padà. Ṣùgbọ́n ẹ ní bí ẹ̀rọ bá yí ọwọ́, a jẹ́ pé ó yí ilé pẹ̀lú. Ẹ ní kànga bàbá wa, tí ó wà ní ọwọ́ ọ̀tún ẹni tí ń wọlé, ti bọ́ sí òsì nínú àwòrán náà, ẹ̀yin sì fi ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ sí rí i. Ẹ béèrè pé ṣé Àjàní kò rí i ni. Ẹ ní ewúrẹ́ tí ń jẹ̀ ní àgbàlá wa mọ ibi tí kànga wà.

N kò ní àwíjàre. Mo tún gbé àwòrán náà, mo bi ara mi pé kí ni mo ń wò kí n tó fi ránṣẹ́. Ojú ara mi ni. Mo ń wò ó bóyá fìlà mi gún. Ohun tí ó yẹ kí n kọ fún olùkọ́ wa nìyí: fóònù yìí máa ń gbé ènìyàn síwájú ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ilé bàbá rẹ̀ lè yí padà lẹ́yìn rẹ̀ kí ó má mọ̀.

Nítorí náà mo sọ férémù náà kalẹ̀, mo dojú rẹ̀ bo tábìlì, mo sì gbìyànjú láti rántí ilé wa láìwo ohunkóhun. Kànga ní ọ̀tún, tí okùn ti ha etí rẹ̀ jẹ. Àtẹ̀gùn tí ó sán létí, níbi tí mo ti ṣubú tí ẹ sì na àtẹ̀gùn náà ní pàṣán kí n lè dákẹ́ ẹkún. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí bàbá ti ń kọ́ wa ní orin ìsìn, tí ẹ kì í jẹ́ kí n sùn. Ilé ìdáná lẹ́yìn, tí èéfín ti kun ògiri rẹ̀, àti igi gúáfà tí èso rẹ̀ kì í dúró pọ́n. Mo rí gbogbo rẹ̀.

Ibì kan ni ó ṣókùnkùn sí mi: yàrá tí ìyá wa ti sùn kẹ́yìn. Mo mọ̀ pé fèrèsé kan wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dí i nígbà àtúnṣe. Ṣé kànga ni fèrèsé náà kọjú sí, tàbí títì? Mo ti gbé e síhìn-ín, mo ti gbé e sọ́hùn-ún, kò dúró. Ẹ̀rù ń bà mí. Kò sí fọ́tò tí ó lè fi í hàn mí, a kò tíì bí Adéwálé nígbà náà, kò sì sí ẹlòmíràn tí ó kù láyé tí ó mọ̀ ọ́n bí kò ṣe ẹ̀yin.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, mo máa jókòó ti fóònù. Bí ẹ bá pè, ẹ kọ́kọ́ bá mi wí tó bí ó ti tẹ́ yín lọ́rùn. Mo máa dọ̀bálẹ̀ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ibi tí fèrèsé ìyá wa kọjú sí fún mi. Bí ẹ kò bá sì pè, mo máa jókòó ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e pẹ̀lú.

Kí Ọlọ́run bàbá wa má ṣe jẹ́ kí ohùn yín rẹ̀ nínú ilé náà. Kí ó dá ojú yín sí, kí ẹ máa ríran títí alẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ìjọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, kí Olúwa bùkún agbo ilé yín, kí àwọn tí ó jìnnà nínú ọmọ yín má ṣe ṣi ọ̀nà ilé, kí ẹ sì máa rí ẹni pè, kí ẹ máa rí ẹni dá yín lóhùn. Àmín.

Èmi ni Àjàní, àbúrò tí ẹ pọ̀n dàgbà,
ọmọ yín.