Etí Tó Ń Lọ Tó Ń Bọ̀

                                        Ilé Kejìlá,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún tó ń dùn ọ́, ṣé ó ti fara rọ? Ara tèmi ti ń mókun díẹ̀, àmọ́ inú ń bí mi débi pé bí n ò bá rí ọ sọ ọ́ fún, màá bẹ́ ni.

O rántí òòyì tó gbé mi lulẹ̀ nígbà tí a jọ ń rán ẹ̀yìn ìwé nílé ìtẹ̀wé. Láti ìgbà náà ni etí òsì mi ti ń ṣe ségesège. Lónìí á dí, á máa hó bí omi tó wà lórí iná. Lọ́la á là gaara. Ọ̀gá wa, o mọ bí ohùn rẹ̀ ṣe rinlẹ̀ tó, ó dúró sí òsì mi níbi tí ẹ̀rọ ti ń ké, ó pè mí lẹ́ẹ̀mẹta, n ò dáhùn. Akọ̀wé obìnrin pè mí lẹ́ẹ̀kan péré, mo dáhùn. Ó di wàhálà! Níwájú àwọn oníbàárà ni ọ̀gá ti ní, "Ẹni tó bá wù ọ́ lò ń gbọ́. Àbí o ti mutí ni?" Èmi tí n kì í fẹnu kan ọtí! Ó gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi, ó fún mi ní ìgbálẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti ṣàlàyé fún un o. Ó ní kí n lọ yẹ etí wò nílé ìwòsàn, àfi bó ṣe jẹ́ ọjọ́ tó là ni mo lọ. Wọ́n ní kò sóhun tó ṣe mí. Bí mo ṣe di òpùrọ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, òòyì tún kọ́ mi, etí dí. Mo di ògiri mú títí dọ́dọ̀ dókítà elétí. Ó dán etí òsì náà wò. Ohùn tó ń ké fíínfín, mo gbọ́ ọ. Èyí tó rinlẹ̀, n ò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní, "Ohùn tó rinlẹ̀ ni àìsàn yìí sábà máa ń kọ́kọ́ mú lọ. Á dá a padà, á tún mú un lọ. Ẹ ò parọ́." Ó ní ó ṣeé ṣe kó má dá a padà mọ́ lọ́jọ́ kan. Mo sunkún, ọ̀rẹ́ mi. Ìbínú ló pọ̀ jù nínú ẹkún náà.

Mo gbé ìwé dókítà síwájú ọ̀gá lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Ó kà á tán, ó ní, "Kí ló dé tí o ò tètè sọ?" Gbọ́ o! Nígbà tó yá, ó rọra ní, "Má bínú." Mo gbọ́ ọ ketekete, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mi ló dúró sí. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, n ò gbọ́. Ẹ gbóhùn sókè." Ó tún un sọ, gbogbo ilé ìtẹ̀wé gbọ́. Mo ti gba abẹ́rẹ́ mi padà, àmọ́ inú mi ò tíì rọ̀.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí o bá mi kí àwọn ọmọ náà. Lẹ́tà ni kí o fi dá mi lóhùn, má pè mí lórí fóònù.

Tìrẹ ni mí títí,
Ọlọ́wọ́-Abẹ́rẹ́